Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Ìyálọ́jà Èkìtì Lórí Ará Ìsọ̀ Yín Tó Ń Gba Kẹ́mò

Sí Ìyálọ́jà Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, àti gbogbo ìyálọ́jà yòókù, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ọ̀mùò, láti Ẹfọ̀n dé Ìdó.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ọjà o. Ajé á wọ igbá.

Àwa nọ́ọ̀sì tí ń fún àwọn obìnrin ní kẹ́mò, ìyẹn oògùn tí ń pa jẹjẹrẹ, fún jẹjẹrẹ ọyàn kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, la kọ ìwé yìí. Ẹ̀yin la kọ ọ́ sí, a ò kọ ọ́ sí kọmíṣọ́nnà, nítorí pé nínú ọjọ́ mọ́kànlélógún tó wà láàárín kẹ́mò kan sí èkejì, ọjọ́ kan péré ni ẹni tó ń gba kẹ́mò ń lò lọ́dọ̀ wa. Ogún tó kù, ọ̀dọ̀ yín ló wà: ní ìsọ̀, nílé, ní ìpàdé àjọ. Ọ̀dọ̀ yín ni kẹ́míìsì wà, ọ̀dọ̀ yín ni ẹlẹ́wẹ́-ọmọ wà, ọ̀dọ̀ yín ni alágbo ń kiri. Bí nǹkan bá ṣe é lóru, ará ìsọ̀ ni yóò kọ́kọ́ bi léèrè kó tó rántí ọsibítù.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí ẹ bá wa gbé ká ìsọ̀ kò ju kan lọ: bí ara obìnrin tó ń gba kẹ́mò bá gbóná, kó má ra oògùn ibà. Kó wọkọ̀ lọ sí ọsibítù.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀, torí àṣẹ tí kò nídìí kì í pẹ́ lọ́jà. Kẹ́mò kò mọ jẹjẹrẹ lójú. Ohunkóhun tó bá ń yára bí sí i nínú ara ló ń dojú kọ. Jẹjẹrẹ ń yára bí sí i, ṣùgbọ́n gbòǹgbò irun náà ń yára, awọ inú ẹnu àti ti ìfun ń yára, mùdùnmúdùn inú egungun tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Inú mùdùnmúdùn yìí ni ẹ̀jẹ̀ funfun ti ń wá, àwọn ọmọ ogun tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Láti nǹkan bí ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 14 lẹ́yìn kẹ́mò ni wọ́n máa ń kéré jù lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún máa pọ̀ sí i, títí ọjọ́ 21 á fi pé tí ara á lè gba òmíràn. Ìdí tí a fi ń ka ọjọ́ nìyẹn, kì í ṣe pé dókítà kò ráyè.

Lásìkò tí ọmọ ogun bá tán lẹ́nu bodè, kòkòrò tó ti ń gbé inú ẹnu àti ìfun obìnrin náà láti kékeré, tí kò ṣe é ní nǹkan kan rí, lè ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ọyún lè má sí níbì kankan, wíwú lè má sí, torí ẹ̀jẹ̀ funfun gan-an ló ń kóra jọ di ọyún. Ìgbóná ara lè jẹ́ àmì kan ṣoṣo tí yóò yọjú. Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ dáadáa lálẹ́ lè má lè dìde láàárọ̀. Ohun tó ń gbà á là ni oògùn apakòkòrò àrùn (antibiotic) tí wọ́n fà sí ojú iṣan rẹ̀ láàárín wákàtí kan tó bá dé ọsibítù. Kápúsù méjì láti kẹ́míìsì kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

A mọ̀ pé ibà (màlíríà) pọ̀ nílẹ̀ wa. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ibà wà lára rẹ̀ lóòótọ́, kí àyẹ̀wò sì gbé e jáde. Pé ibà wà níbẹ̀ kò ní kí kòkòrò mìíràn má sí níbẹ̀. Ọsibítù á yẹ méjèèjì wò lẹ́ẹ̀kan náà, ibà àti iye ẹ̀jẹ̀ funfun, wọn kò sì gbọdọ̀ dúró de èsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ apakòkòrò. Ẹni tó bá fi ọjọ́ mẹ́ta lo oògùn ibà nílé kó lè "wò ó ná" ń ka ọjọ́ níbi tó yẹ kó ti máa ka wákàtí.

Parasítámọ́ọ̀lù tún wà níbẹ̀. Ó máa ń bo ìgbóná mọ́lẹ̀, kì í pa ohun tó fà á. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ara rẹ̀ kó tó gbé e mì, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà tí wọ́n rí sílẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ tí a fi kan ọrùn kì í ṣe òṣùwọ̀n. Tẹmómítà oní-bátìrì ni kí wọ́n rà, kí wọ́n fi sí abẹ́ ahọ́n rẹ̀, kó pa ẹnu dé títí yóò fi dún. Kó má jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tíì gbígbóná tàbí omi tútù. Kó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ná. Èyí tí wọ́n bá fi sí abíyá máa ń dín díẹ̀ sí ti ẹnu. Bó bá ti kà tó 37.5°C, kí wọ́n pe nọ́ńbà tí a fún un. Bó bá tó 38°C, kí wọ́n ti wà lọ́nà kí wọ́n tó máa pè. Bí òtútù bá mú un tó ń gbọ̀n, tó ń mí gúlegúle, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, kí wọ́n gbé e lọ, ohun yòówù tí tẹmómítà ìbáà kà.

Láti Ọ̀mùò sí Adó kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ọkọ̀ sí láago méjì òru. Kí wọ́n ti bá awakọ̀ kan sọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ kẹ́mò àkọ́kọ́, kí owó ọkọ̀ náà sì wà lọ́tọ̀ pẹ̀lú ìwé tí a kọ orúkọ oògùn rẹ̀ àti ọjọ́ tó gbà á sí. Bí ọsibítù tó ti ń gba kẹ́mò bá jìnnà, kí wọ́n kọ́kọ́ yà sí ọsibítù ìjọba tó súnmọ́ jù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ apakòkòrò níbẹ̀, kí wọ́n tó máa bá ọ̀nà lọ. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu ọ̀nà náà ṣe pàtàkì: "Ó ń gba kẹ́mò, ọjọ́ kẹwàá rẹ̀ rèé, ara rẹ̀ sì gbóná." Ẹni tó bá ní "ibà ló ń ṣe é", orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n á ní kó jókòó sí, láàárín àwọn tó ń wúkọ́.

Ẹ̀yin ìyá kan á máa bi ara yín pé, bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ abẹ náà ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe, kí ló dé tí wọn kò kúkú gé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí gbogbo wàhálà yìí má sí? Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń wá nígbà tí kókó ti tóbi, tàbí tó ti mọ́ awọ, tàbí tó ti dé kókó abíyá. Bí wọ́n bá gé e báyẹn, gbòǹgbò á kù. Kẹ́mò á kọ́kọ́ mú un sún kì, kí ọ̀bẹ lè rí etí rẹ̀ tó mọ́. Nígbà mìíràn, kókó tó yẹ kó gba gbogbo ọyàn á dín débi pé apá kan ni wọ́n á gé. Dókítà á sì tún fojú rí i bóyá oògùn náà ń ran kókó yẹn, ohun tí kò ṣeé rí mọ́ bí kókó bá ti kúrò níbẹ̀.

Ọ̀nà tó wọ́pọ̀ láti fún un ni oògùn kẹ́mò doxorubicin pẹ̀lú cyclophosphamide lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́yìn náà paclitaxel tàbí docetaxel lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta síra. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí oṣù márùn-ún ààbọ̀ sí mẹ́fà. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó wọlé, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Lọ́pọ̀ ibi, ẹ̀jẹ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní neutrophil gbọ́dọ̀ tó 1,500 nínú ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ kíún (microlitre) kan, kí platelet tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dá sì tó 100,000. Bí kò bá tó, wọ́n á sún un síwájú bí ọ̀sẹ̀ kan. Kí ẹnikẹ́ni má pe ìyẹn ní ìjákulẹ̀. Kò sí oúnjẹ tó lè gbé ẹ̀jẹ̀ funfun sókè láàárín ọjọ́ méjì. Abẹ́rẹ́ filgrastim, tí ń mú ẹ̀jẹ̀ funfun pọ̀ sí i, lè ràn án lọ́wọ́, tí wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì kẹ́mò tàbí lẹ́yìn rẹ̀, egungun ìbàdí àti ẹ̀yìn sì lè máa ro ó nítorí rẹ̀.

Doxorubicin pupa bí sóbò. Ìtọ̀ rẹ̀ náà á pupa fún ọjọ́ kan sí méjì, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ohun tó yẹ ní ìbẹ̀rù nípa rẹ̀ ni kó jò sí abẹ́ awọ nígbà tí wọ́n ń fún un, torí ó máa ń jó ẹran ara. Bí ibẹ̀ bá ta á tàbí tó ń jó o, kó ké lójú ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin wa mọ ìfaradà ju bó ṣe yẹ lọ, a sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bá wa sọ fún wọn pé ìfaradà kò níṣẹ́ lórí àga yẹn. Cyclophosphamide ní tiẹ̀ máa ń bu àpò ìtọ̀ jẹ. Ohun tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni omi: lítà méjì sí mẹ́ta lóòjọ́, ìyẹn omi inú ọ̀rá mẹ́rin sí mẹ́fà, láti ọjọ́ tó gbà á títí di ọjọ́ kejì, kó sì máa tọ̀ léraléra, àti lóru pẹ̀lú.

Ìrìndọ̀ àti èébì ló ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù jù, bẹ́ẹ̀ òun ni oògùn rẹ̀ pọ̀ jù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á tọ́jú ondansetron, oògùn ìdènà èébì, sínú báàgì, wọ́n á ní àwọn á lò ó bí èébì bá dé. Oògùn yẹn ń dí ọ̀nà ni. Bí èébì bá ti kọjá lẹ́nu bodè, ó ṣòro láti dá a padà. Kó lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́, pàápàá láti ọjọ́ kejì sí ìkarùn-ún, nígbà tí èyí tó ń pẹ́ dé máa ń yọjú. Dexamethasone tí òun náà wà fún èébì, àárọ̀ ni kó lò ó lẹ́yìn oúnjẹ, torí ó máa ń lé oorun lọ. Bó bá ń bì débi tí omi kò dúró nínú rẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan, ọsibítù ni.

Ní ti oúnjẹ, Yorùbá ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ ẹ̀kọ. A ò bá Èkìtì jiyàn lórí iyán. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn kẹ́mò, ẹ̀kọ lọ̀gá. Oúnjẹ tó ti tutù kì í ta òórùn bí èyí tó ń rú èéfín, òórùn ló sì ń ru ìrìndọ̀ sókè. Ẹ̀kọ tútù pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, ọ̀gì tí wọ́n fi mílíìkì sí, ẹyin sísè, ẹja tí kò ní ata, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́. Kí wọ́n dáná níbi tó jìnnà sí i, kí wọ́n má dín epo nítòsí rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kẹ́mò bá ti kọjá, kí iyán máa bọ̀ ní tiẹ̀. Ààwẹ̀ ń kọ́? Ẹ bá wa bẹ àwọn ìyá ìjọ: kí wọ́n bá a gba ààwẹ̀ náà.

Ata rodo á di ọ̀tá bí ẹnu bá bó, ó sì sábà máa ń bó láàárín ọ̀sẹ̀ kejì. Kí wọ́n po ṣíbí ìmutíì iyọ̀ kan àti ṣíbí ìmutíì baking soda kan (kì í ṣe baking powder) mọ́ lítà omi kan tí wọ́n ti sè tó sì ti tutù, kó fi máa yọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí mẹ́fà lóòjọ́, kó tu ú dànù, kí wọ́n po òmíràn lọ́jọ́ kejì. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ni kó lò. Kó fi pákò sílẹ̀ ní gbogbo àsìkò kẹ́mò, torí ó ń gún ẹran eyín, ojú egbò náà sì ni kòkòrò ń gbà wọlé. Omi ìfọnu tó ní ọtí kò dára. Bí nǹkan funfun bá bo ahọ́n, oògùn tirẹ̀ wà, kó wá gbà á.

Ẹ̀yin ìyá wa alágbo àti ẹlẹ́wẹ́-ọmọ, a ò bá yín jà. Ẹ̀dọ̀ ni doxorubicin àti paclitaxel ń gbà jáde lára. Bí àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ni ẹ̀dọ̀ lára, oògùn á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, gbogbo ìnira tí a ń kà bọ̀ yìí á di ìlọ́po, dókítà á sì ní láti dín kẹ́mò kù tàbí kó dá a dúró. Ewúro inú ọbẹ̀ kì í ṣe àgbo, oúnjẹ ni, kó máa jẹ ẹ́. Ewé ugu náà bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kò fẹ́ ni ugu tútù tí wọ́n fún omi rẹ̀ sínú mílíìkì, tí wọ́n tún pa ẹyin tútù sí i pé kó fi lẹ́jẹ̀. Ewé tí a kò sè ń gbé iyẹ̀pẹ̀ àti kòkòrò wá, ẹyin tútù náà ní tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n sì sábà máa ń gbé e fún un, ìgbà tí ọmọ ogun kò sí nílé gan-an. Kí wọ́n se ugu náà, kí wọ́n se ẹyin náà, kí wọ́n fi ẹ̀wà àti ẹran kún un. Bó bá rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè rìn láti ìsọ̀ dé ojú títì láìdúró mí, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa fà sí i lára, oògùn inú ìgò kò ní tó.

Ìgbẹ́ lè le gan, pàápàá nítorí ondansetron. Omi, ìbẹ́pẹ àti oògùn tí dókítà bá fọwọ́ sí á yanjú rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi omi tàbí oògùn bọ ọ́ nídìí, torí ojú egbò kékeré níbẹ̀ tó láti bẹ̀rẹ̀ ìyọnu. Bó bá sì jẹ́ pé ó ń ṣunú, kí wọ́n po ORS (oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà tí ń dá omi ara padà) kan sínú lítà omi kan, ìyẹn omi inú ọ̀rá méjì, kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bó bá ya ìgbẹ́ gbuuru tó ìgbà mẹ́rin ju bó ṣe máa ń yà á lọ lóòjọ́, kó pè wá.

Irun á bẹ̀rẹ̀ sí í já ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn èyí àkọ́kọ́. Kó ti gé e kúrú ṣáájú, kó wé aṣọ òwú tó rọ̀ sábẹ́ gèlè. Èékánná, àtẹ́lẹwọ́, ahọ́n pàápàá lè dúdú. Oògùn ló fà á, kò sẹ́ni tó fi nǹkan ṣe é, irun á sì padà hù lẹ́yìn tí kẹ́mò bá parí.

Paclitaxel ní tirẹ̀ kan ọlọ́jà jù. Ó máa ń mú kí ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ máa ṣe é bí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú, kó máa ta á wínníwínní, títí kò fi ní mọ̀ pé nǹkan gbóná. Oníàkàrà tó ń fọwọ́ ju ẹ̀wà sínú epo, aláṣọ tó ń fi píìnì mú aṣọ, ẹni tó ń gé ẹran: kí ẹlòmíràn gba ọ̀bẹ àti epo gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀ fúngbà díẹ̀, kó má sì rìn lẹ́sẹ̀ lásán. Bí kò bá lè di bọ́tìnnì mọ́, tàbí owó ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìmọ̀, kó sọ fún dókítà kó tó gba èyí tó kàn, torí wọ́n lè dín in kù. Ẹni tó bá pa á mọ́ra nítorí kí wọ́n má dá kẹ́mò dúró lè máa bá ìka tó kú yí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ara ríro lọ́jọ́ kejì sí ìkarùn-ún wọ́pọ̀ pẹ̀lú oògùn yìí, ó sì máa ń lọ. Kó wọn ara rẹ̀ ná kó tó lo parasítámọ́ọ̀lù, gẹ́gẹ́ bí a ṣe sọ lókè.

Fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn kẹ́mò, oògùn ṣì ń bá ìtọ̀, ìgbẹ́ àti èébì jáde. Ẹni tó bá ń bá a da póò kó wọ ìbọ̀wọ́, kó fọ aṣọ tó bá bà jẹ́ lọ́tọ̀. Kí aláboyún àti ọmọ ẹnu iṣẹ́ má ṣe é. Tọkọtaya á lo kọ́ńdọ́ọ̀mù, torí oyún kò gbọ́dọ̀ wọlé lásìkò yìí, abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní họ́mónù kò sì yẹ ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọyàn.

Ibi tí a ti ń pàdánù àwọn èèyàn jù, yàtọ̀ sí ti ìgbóná ara, ni ibi tí kókó ti yọ́. Lẹ́yìn kẹ́mò kẹta tàbí ìkẹrin, ọwọ́ lè má bà á mọ́. Wọ́n á ṣe ìdúpẹ́, a ò ní rí wọn mọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ dúpẹ́, ẹ jó, ṣùgbọ́n kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ má yẹ̀. Èyí tí ọwọ́ kò bà mọ́ lè ṣì wà níbẹ̀ bí èso èpò lábẹ́ ilẹ̀. Bó bá tún hù, oògùn tó ràn án lákọ̀ọ́kọ́ lè má ràn án mọ́. Wọ́n á gé ibi tí kókó wà tẹ́lẹ̀, ìdí sì rèé tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, tí àwọn ọsibítù kan sì ń fi àmì kékeré sínú rẹ̀ kí kẹ́mò tó bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ máa ń wáyé ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn kẹ́mò ìkẹyìn, kí ẹ̀jẹ̀ lè ti gòkè. Àsìkò yẹn ni owó ti sábà máa ń tán, nítorí náà a ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àwọn alájọ: ẹ ka oṣù mẹ́fà sí méje láti ọjọ́ kẹ́mò àkọ́kọ́, kí ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ sí oṣù yẹn, kí ó má kó o ṣáájú. Kí èèyàn bíi méjì ti múra láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún un. Kó sọ fún ẹni tó máa fún un ní oògùn oorun pé òun gba doxorubicin, torí ó lè kan ọkàn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń wú tàbí tí kò lè sùn gbọọrọ láìfi ìrọ̀rí méjì gbé orí sókè, kó ti sọ ọ́ kó tó di ọjọ́ náà. Apá tí kì í ṣe ti ọyàn náà ni kí wọ́n máa gún lábẹ́rẹ́.

Ẹ fi ọjọ́ ìpàdé ọjà tó ń bọ̀ ránṣẹ́ sí wa. A ó mú tẹmómítà dání, a ó sì fi bí wọ́n ṣe ń kà á han ẹni kan láti ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti àwọn oníkẹ́míìsì tó bá lè wá.

Àwa ni tiyín,
Àwọn nọ́ọ̀sì tí ń fúnni ní kẹ́mò, Adó-Èkìtì